Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Fẹnu Ka Ọmọ

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìsinmi táàmù kejì ni gbogbo nǹkan máa ń ya lù wá nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ni ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wa obìnrin lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ara ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ìmọ́tótó àti ìdánrawò ìwọ́de. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn alábẹ̀wò ètò ẹ̀kọ́. Ọjọ́rú, kíláàsì karùn-ún yóò rìnrìn-àjò ẹ̀kọ́ lọ sí Oǹdó. Ọjọ́bọ̀, ìpàdé àwọn òbí. Ọjọ́ Ẹtì, eré ìje. Mo kà á tán, mo ní kí wọ́n fi ọjọ́ tí wọn yóò sin wá kún un. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Kì í rẹ́rìn-ín kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.

Èmi ni mo ni kíláàsì karùn-ún. Ọmọ Oǹdó ni mí, ọkọ ló gbé mi wá sí Àkúrẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé ètò ìrìn-àjò náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní mo mọ ọ̀nà. Mo mọ ọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí i, torí èmi náà ni wọ́n tún fi sídìí kíkun òkúta etí pápá ní funfun, èmi ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwọ́de. Ní ọjọ́ Ajé, ohùn mi ti há kí aago méjì tó lù. Ọmọ kan wà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ jọ máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jágbe mọ́ ọn títí, nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kan nínú àwọn alábẹ̀wò dé kíláàsì mi, ó yẹ ìwé iṣẹ́ mi wò, ó sì bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ń kọ́. Mo nawọ́ sí ìwé orúkọ tó wà lórí tábìlì. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, sà." Ó wò mí bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. N kàn kì í fi ẹnu mi ka ọmọ ni.

Ilé ni mo ti kọ́ ọ. Ìyá mi bí wa púpọ̀, àwọn kan nínú wa sì kú ní kékeré, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ iye wa lẹ́nu rẹ̀ rí. Wọn kì í ka ọmọ nílé wa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, yóò ní Ọlọ́run ló mọ̀ wọ́n, yóò sì yí ọ̀rọ̀ padà sí iye tí wọ́n ń ta iṣu. Àwọn tó kú, a kì í dárúkọ wọn. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn, mo sì gbà nínú ara mi pé ẹni tó bá na ìka sí ọmọ, tó ń wí pé ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó ń pe ibi wá gbé wọn. Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo gba ìwé ẹ̀rí, mi ò sì fi ìgbàgbọ́ yìí sílẹ̀. Nínú kíláàsì kò dí iṣẹ́ mi lọ́wọ́. Orúkọ ni mo máa ń pè láàárọ̀. Tó bá di pé kí n kọ àpapọ̀ sínú ìwé, àmì ni mo máa ń kà, mi ò ka ọmọ.

Tí a bá jáde nílé-ìwé ńkọ́? Mo ti wá ọgbọ́n sí i. Olúkúlùkù ọmọ ló ní ẹnìkejì tirẹ̀, ẹni tó ń jókòó tì í. Bí a bá fẹ́ kúrò níbì kan, màá kígbe pé, "Ẹnìkejì ẹ dà?" Kálukú yóò gbé ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ sókè. Ọmọ tí ẹnìkejì rẹ̀ ò bá sí yóò figbe ta. Ọdún pẹ́ tí mo ti ń lò ó, kò já mi kulẹ̀ rí, mo sì máa ń fi ṣe fọ́ńté lójú àwọn olùkọ́ yòókù.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ọmọbìnrin kan ò ní ẹnìkejì. Ìpógùn ló ti wá sọ́dọ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yẹn, ọmọ jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Ìyá ọmọ náà nìkan ni ìyá àgbà yìí bí, ó sì ti kú, torí náà ọmọ yìí nìkan ló ṣẹ́kù fún un láyé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń mú un wá láràárọ̀, òun ló sì máa ń wá mú un lọ́sàn-án. Ibà dá ọmọ tó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wá fà á mọ́ àwọn ọmọbìnrin méjì kan tó wà níwájú, mo ní, "Ẹ̀yin mẹ́ta ni kí ẹ jọ máa rìn." Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Ìwé orúkọ wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá, torí òfin wa ni pé kì í jáde nílé-ìwé.

Awakọ̀ ilé-ìwé wa, ọmọ bíbí Àkúrẹ́ tó máa ń fẹ́ràn láti gba ènìyàn nímọ̀ràn, yọjú láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò ní kà wọ́n kí a tó lọ?"

Mo ní, "Ṣé ewúrẹ́ ni mo fẹ́ kó lọ tà ni? Ẹ wa ọkọ̀ yín."

A dé Oǹdó láyọ̀. Ilé kan tí wọ́n ń kó kòkó sí ni wọ́n ti gbà wá lálejò. Bàbá tó ni ibẹ̀ fi ọ̀bẹ la hóró kòkó sí méjì, ó fi èyí tó gbẹ dáadáa han àwọn ọmọ àti èyí tó ti bu. Wọ́n gun orí àpò, wọ́n gbóòórùn ọwọ́ ara wọn, ọ̀kan bi bàbá náà pé níbo ni ṣúgà rẹ̀ wà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohùn mi tó há.

Láti ibẹ̀ a yà sílé ìyá mi, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ìyá mi ti se ẹ̀bẹ sínú ìkòkò ńlá, ó ti bu ú sínú abọ́, ó sì tẹ́ ẹní síta lábẹ́ òrùlé iwájú ilé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń wọlé, ó ń fi ọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wí pé, "Ẹ káàbọ̀, ọmọ mi. Ẹ káàbọ̀." Wọ́n jẹun títí ikùn wọn fi le. Ìyá mi ń wò wọ́n, ojú rẹ̀ rọ̀, n kò rí i bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tó tó àkókò, wọ́n wọ ọkọ̀, mo kígbe bí mo ti máa ń ṣe: "Ẹnìkejì ẹ dà?" Ọwọ́ gba inú ọkọ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjì iwájú gbé ọwọ́ ara wọn sókè bí wọ́n ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kò sí ẹni tó figbe ta. Mo ní kí awakọ̀ máa lọ. Bí a ṣe ń yí ìkòríta, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ìyá mi láàárín títì, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Ara mi yá gágá. Mo yọ apá síta láti ojú fèrèsé, èmi náà juwọ́ sí i títí a fi kọjá.

A kọrin dé Àkúrẹ́. Àwọn òbí ti ń dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń kó ọmọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ ṣófo, mo bọ́ sílẹ̀, mo ń gbọn eruku kúrò láṣọ. Ìyá àgbà láti Ìpógùn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn rẹ̀ tó ká lọ́wọ́. Ó yọjú sínú ọkọ̀. Ó wo ojú mi.

Ó ní, "Tíṣà, tèmi dà?"

Mo sáré wọ inú ọkọ̀, mo wo abẹ́ ìjókòó bí ẹni tó ń wá bàtà. Mo rántí nígbà náà pé n kò rí i láti ìgbà tí a ti jẹun. Mo fa fóònù mi yọ nínú báàgì, ìyá mi ti pè mí lọ́pọ̀ ìgbà, orin àwọn ọmọ ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Mo pè é padà. Fóònù rẹ̀ ti kú. Iná ìjọba ò sí ní àdúgbò wọn láti ọjọ́ mélòó kan, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo tún pè é, mo tún pè é.

Ìyá àgbà náà ò pariwo. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Ó kàn gun ọkọ̀, ó jókòó sórí ìjókòó àkọ́kọ́, ó gbé agboòrùn lé itan. Ọ̀gá wa tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ lọ mú ọmọ ọlọ́mọ wá." Awakọ̀ yí orí ọkọ̀ padà. Kò rán mi létí ohun tó sọ láàárọ̀, títí di òní n kò lè gbàgbé oore yẹn fún un.

Àwa mẹ́ta nìkan la wà nínú ọkọ̀ ńlá yẹn lójú ọ̀nà Oǹdó. Mo ń rò ó pé bóyá ìpè ìyá mi túmọ̀ sí pé ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo tún ń rò ó pé bóyá ó fẹ́ béèrè bóyá a ti délé ni. Bí ọmọ yẹn bá ti jáde sí títì láti wá wa, ta ni yóò bi, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀? Ẹ̀rù bà mí bí kò ṣe bà mí rí láyé mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó wọ súwẹ́tà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Bí a ṣe dé ilé ìyá mi, ọmọ náà jókòó ti ìyá mi lórí ẹní, àwọn méjèèjì ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Bí ó ṣe rí ìyá ìyá rẹ̀, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ìyá, mo ti fọ gbogbo abọ́." Ibi tó wà nìyẹn nígbà tí mo ń kígbe ẹnìkejì. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í jẹun tán nílé onílé kó fi abọ́ sílẹ̀. Ó ti lọ bá kànga lẹ́yìn ilé, ó ń fọ àwo gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn abọ́ náà wà lórí bẹ́ńṣì, ó da ojú wọn délẹ̀ ní ìlà.

Ìyá àgbà sún mọ́ ọn. Ó fọwọ́ pa apá ọmọ náà, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀, ó sì jókòó wọ̀ọ̀ sórí ẹní. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá mi ti wà lórí eékún méjèèjì níwájú rẹ̀. Ìyá mi tí eékún ń dùn ún, tí kì í kúnlẹ̀ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ fi orí jì í. Èmi ni mo bí i. Èmi ni kí ẹ bá wí."

Ìyá àgbà di apá rẹ̀ mú. "Ẹ dìde, ẹ dìde. Ẹ ti bá mi tọ́jú ọmọ. Ẹ dìde."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ran ìyá mi lọ́wọ́ dìde, ó gbọn ọwọ́ mi dànù, inú ń bí i.

Ó ní, "Mo juwọ́ títí apá ro mí. Mo ní kí o dúró. O tún ń juwọ́ padà!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Báwo lẹ ṣe tètè mọ̀ pé ẹnì kan kù?"

"Mo kà wọ́n."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ kà wọ́n? Ẹ̀yin?"

"Nígbà tí wọ́n ń wọ ulí mi yìí, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀, ọgbọ̀n."

Ìbínú díẹ̀ gùn mí, n kò ní purọ́. Mo ní, "Ẹ ò ka àwa tí ẹ bí rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a ò gbọdọ̀ ka ọmọ."

Ó jókòó, ó fa àwo ẹ̀gúsí mọ́ra, kò sì ṣẹ́ ẹ. "Ta ló sọ fún ọ pé n kò kà yín? Ẹnu ni n kò fi kà. Kò sí alẹ́ kan tí mo sùn láì kà yín. Méje ni yín. Àwọn mẹ́ta tó lọ, mo ń kà wọ́n mọ́ yín títí di àná. Bí mo bá fò wọ́n, oorun kì í wá."

Mo ti lé ní ogójì ọdún, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ iye wa. Ojú tì mí ju bó ṣe tì mí ní géètì lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti mú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìyá mi, tí mo ti rò pé àìkà ló wà nínú rẹ̀. Mo tún ti rò pé ó gbàgbé àwọn tó kú. Mo mú ẹnu tó pamọ́ lára àṣà náà, mo sì ju ojú tó là sílẹ̀.

Ìyá àgbà ti ń so bọ́tìnì súwẹ́tà ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Tèmi ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tíṣà. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Kò ṣòroó kà."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ tutù, bí ẹni tó ń júwe ilé fún àlejò.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tán nígbà tí a dé Àkúrẹ́. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ìyá àgbà ní bóyá òun yóò dá ọmọ padà sí Ìpógùn. Ó ní, "Ulé ìwé wà níbẹ̀ náà." Mo wo ọmọ náà, ilẹ̀ ló ń wò.

Ní Ọjọ́bọ̀, kò wá. Àyè rẹ̀ ṣófo, ẹnìkejì rẹ̀ tí ibà ti fi sílẹ̀ sì ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀gá fún mi ní kúìrì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni pé ọmọ mélòó ni mo kó lọ, mélòó ni mo kó bọ̀. Mo jókòó tì í ní gbogbo àkókò ìsinmi. Mo kọ ọ́ pé: mo kó mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ, mo kó ọgbọ̀n bọ̀. N kò fi àwáwí kankan kún un. Níbi ìpàdé òbí lọ́sàn-án, mo dìde, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Àwọn kan kùn. Àwọn kan ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá àgbà ò sí níbẹ̀.

Mo ti pinnu nígbà náà pé bí ó bá mú un lọ, n kò ní dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, mo fẹ́ kí ọmọ yẹn padà. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo jí lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó mọ́.

Pápá kún ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ti na àgọ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké, òkúta tí a kùn ní funfun yí pápá po. Mo to àwọn ọmọ mi lẹ́yìn kíláàsì fún ìwọ́de, wọ́n wọ fànílà aláwọ̀ ìyeyè. Wọ́n ti fẹ́ pè wá nígbà tí mo rí agboòrùn lẹ́nu géètì. Ìyá àgbà ń bọ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ọmọ náà wọ fànílà tirẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́ kó le.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fi ọwọ́ ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Mo mú un dé ẹ̀yìn ìlà, mo yíjú, mo rò pé ìyá àgbà yóò ti máa lọ jókòó lábẹ́ àgọ́. Kò lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.

Ohun tó ń dúró dè yé mi. Mo lọ sí iwájú ìlà, mo gbé ọwọ́ lé orí ọmọ àkọ́kọ́. "Ọ̀kan." Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. "Èjì. Ẹ̀ta." Wọ́n ti ń pe kíláàsì karùn-ún lórí ẹ̀rọ, mi ò yára. Mo fọwọ́ kan orí gbogbo wọn, àti ẹnìkejì tí ibà ò jẹ́ kó bá wa lọ sí Oǹdó, títí mo fi dé ẹ̀yìn, sọ́dọ̀ ọmọ Ìpógùn.

Mo ní, "Méjìlélọ́gbọ̀n."

Ìyá àgbà ní, "Ẹ tún un kà."

Mo padà síwájú, mo tún un kà.